Ikú Kì Í Ṣe Òpin Eré: Ẹ̀kọ́ Tí Géèmù Hades Ní fún Àbẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ géèmù kì í pẹ́ di ìjà nílẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn òbí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ni pé ìwà ọ̀lẹ ni, pé ó ń jẹ àkókò, ó ń jẹ dátà, ó sì ń ba ọmọ jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn yóò dáhùn pé àwọn àgbà kò mọ ohun tó ń lọ láyé. Ìhà méjèèjì ń pariwo, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn mú géèmù kan ṣoṣo, kí ó tú u palẹ̀ bí mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fọwọ́ tọ́ka sí ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fíìmù àti orin. Géèmù nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Géèmù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni Hades. Ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fìdí kalẹ̀ sí, kò ju ẹyọ kan lọ. Géèmù yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó kùnà tí kò fi ní sá lọ. Ètò ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ tó ti Àbẹ̀rẹ̀ jáde rí kò mọ̀ ọ́n. Hades ní àlèébù, àlèébù náà kò sì kéré, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bú u kò tíì bú u síbi tó yẹ.

Ilé-iṣẹ́ Supergiant Games, tó wà ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, ló ṣe Hades. Nǹkan bí 20 èèyàn péré ni wọ́n. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta nígbà tí kò tíì parí, kí àwọn tó ń gbá a lè máa sọ ibi tó ń ṣe wọ́n níṣòro. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n tó gbé odindi rẹ̀ jáde. Nígbà tó di ọdún 2021, ó gba àmì-ẹ̀yẹ BAFTA ti Bírítéènì fún géèmù tó dára jù lọ, ó sì tún gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo, tó jẹ́ pé àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni wọ́n sábà ń fi dá lọ́lá.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń jẹ́ Zagreus. Hades, bàbá rẹ̀, ni ọba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé òkú ń gbé. Ọmọ náà fẹ́ sá kúrò nílé bàbá rẹ̀ kó lè wá ìyá rẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kó mọ̀ lọ. Ìpele mẹ́rin ni yóò là kọjá kí ó tó dé òkè eèpẹ̀, yàrá lórí yàrá ló wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ọ̀tá sì kún inú wọn. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà lókè, bíi Zeus, Athena àti Poseidon, ń fi agbára ta á lọ́rẹ lójú ọ̀nà, yóò sì máa yan ọ̀kan nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá pa á, tí wọn yóò sì pa á dandan, inú adágún ẹ̀jẹ̀ kan nílé bàbá rẹ̀ ni yóò ti jáde padà. Gbogbo ọrẹ tí wọ́n ta á ti lọ. Ètò yàrá tó là kọjá pàápàá ti yí padà. Àfi kó tún bẹ̀rẹ̀.

Roguelite ni wọ́n ń pe irú géèmù báyìí. Orúkọ náà ṣẹ̀ wá láti ara Rogue, géèmù kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà àti àmì lásán ni wọ́n fi ń ya àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Nínú Rogue, ẹni tó kú ti kú. Ohun gbogbo tó kó jọ ti pòórá, òfo ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe roguelite lóde òní dẹ òfin líle yẹn lọ́wọ́ díẹ̀: ẹni tó kú yóò padà síbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí yóò mú bọ̀ tí ikú kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Hades, dígí kan wà nínú yàrá Zagreus. Ohun tó bá rí kó jọ kí wọ́n tó pa á ni yóò kó lọ síwájú dígí náà, tí yóò fi ra okun tí kò ní sí lọ mọ́. Ẹni tó kú lẹ́ẹ̀mẹwàá kò rí bí ẹni tí kò tíì kú rí.

Ìwọ̀nyí ni agbára géèmù náà, ó sì yẹ kí wọ́n kà wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni pé ìkùnà ló ń gbé ìtàn lọ síwájú. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bí ẹni tó ń gbá a bá kú, ìtàn dúró nìyẹn. Wọn yóò dá a padà sẹ́yìn bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ti Hades yàtọ̀. Bí Zagreus bá ti padà sílé, Hypnos, òrìṣà oorun, wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ka ohun tó pa á lójú ọ̀nà fún un, tó sì ń gbà á nímọ̀ràn tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Achilles tó kọ́ ọ ní ìjà yóò ní ọ̀rọ̀ tuntun fún un. Bàbá rẹ̀ yóò fi í ṣẹ̀sín. Gbólóhùn tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú géèmù yìí lé ní 20,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹni tó kú nìkan ló lè gbọ́ wọn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ kì í ṣe ìṣubú fúnra rẹ̀ bí kò ṣe ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀ lé ìṣubú. Nítorí náà, wọ́n fi ohùn kún inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Èkejì ni àánú tí wọ́n kọ sínú òfin. Ẹni tí géèmù náà bá le jù fún lè tan ètò kan tí wọ́n ń pè ní God Mode. Bí ó bá ti tàn án, ìyà tí ọ̀tá ń fi jẹ ẹ́ yóò dín ní ìdá 20 nínú 100. Ìgbàkígbà tó bá kú, yóò tún dín ní ìdá 2 sí i, títí yóò fi dé ìdá 80. Ọ̀tá kò di òmùgọ̀, ìtàn kò sì kúrú. Ẹni tó ń ṣubú jù ni ìrànlọ́wọ́ ń bá jù, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ọ́ síwájú orí rẹ̀ pé olódo ni. Àwọn tó ń rò pé àánú yóò ba ìgbìyànjú jẹ́ kò tíì rí i bí èèyàn ṣe ń fi ètò yìí kẹ́kọ̀ọ́ ìjà tí kò bá ti pa tì.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán àti ohùn. Jen Zee ló darí àwòrán rẹ̀. Ìlà dúdú tó nípọn, àwọ̀ tó mú bí iná, ojú èèyàn tó dà bíi pé ó fẹ́ fò jáde nínú ìwé kàtúùnù: ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà ya gbogbo òrìṣà inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò gbọ́ ìtàn Gíríìkì rí yóò mọ ẹni tó jẹ́ oníbìínú àti ẹni tó jẹ́ ẹlẹ́tàn kí wọ́n tó la ẹnu. Darren Korb ló kọ orin rẹ̀, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Zagreus. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ní báyìí, ẹ̀sùn méjì tí wọ́n sábà máa ń fi kan irú géèmù yìí nílé àti ní ilé ìjọsìn nílò ìdáhùn.

Wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Òrìṣà Gíríìkì ló kún inú rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ará Òṣogbo ni ó yẹ kó kẹ́yìn láti fi ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí ni Dúró Ládiípọ̀, ọmọ olùkọ́ni nínú ìjọ Áńgílíkà, ti dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ibẹ̀ ló ti gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó sì gbé Ṣàngó dé orí ìtàgé ìlú Berlin ní ọdún 1964. Kò sí ẹni tó jókòó wo eré náà tó wá dìde di oníṣàngó nítorí pé ó wò ó. Ohun tó gbé lọ sílé ni ìbéèrè nípa ọba, agbára àti ìtìjú. Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí sì ń fi í yangàn. Ẹni tó lè wo Ọba Kò So láìbẹ̀rù lè wo Hades láìbẹ̀rù.

Wọ́n tún ní ìwà ọ̀lẹ ni. Ẹni tí wọ́n ti pa nígbà 30, tó tún dìde tó ń ronú pé irú idà wo ni yóò yan lẹ́ẹ̀kọkànlélọ́gbọ̀n, kí ni wọ́n ń fi ọ̀lẹ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Ó lè jẹ́ pé ìdí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ ló ti ń lo agbára rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ àríyànjiyàn mìíràn. Ṣùgbọ́n ìforítì tó ń lò níbẹ̀ jẹ́ ojúlówó, olùkọ́ tó bá sì gbọ́n yóò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọmọ kan náà kì í fi í lo irú ìforítì bẹ́ẹ̀ nídìí ìṣirò.

Àlèébù tó wà nínú Hades gan-an wà níbòmíràn, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, àsọtúnsọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìpele mẹ́rin kan náà ni, àwọn ọ̀gá ọ̀tá tó ń dúró ní ìparí ìpele kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìparí ìtàn gidi gbọ́dọ̀ jáde dé òkè eèpẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà tí yóò bá fi di ẹ̀kẹfà, ìjà náà ti di iṣẹ́ àṣelà. Ìtàn ṣì dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún un ní díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Lẹ́yìn èyí, oríire ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó yẹ kí ọgbọ́n ṣe. Àwọn ọrẹ tí àwọn òrìṣà ń fún Zagreus kì í bára dọ́gba, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí yóò bá pàdé. Nígbà mìíràn èèyàn yóò ṣe gbogbo ohun tó tọ́, ọrẹ tí kò bára mu ni yóò sì máa rí títí wọn yóò fi pa á. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò ṣe ìṣekúṣe, oríire á sì gbé e dé òkè. Ẹ̀kọ́ tó dá lórí ìkùnà kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tàn bo ohun tó fà á. Níbi tí oríire bá ti ń pa èèyàn, tí ẹni náà sì rò pé àṣìṣe òun ni, ẹ̀kọ́ ti yẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ó mọ bí wọ́n ṣe ń jí oorun gbé. Ìrìn kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè máa ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó jẹ́ pé ikú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí ọ̀rọ̀ tuntun, “ẹ̀ẹ̀kan sí i péré” lè di agogo mẹ́ta òru. Ọgbọ́n kan náà tó ń gba ẹni tó kùnà ró ló ń dè é mọ́lẹ̀. Òbí tó ń ráhùn lórí èyí kò purọ́. Ìjà àti ìfẹ́ àgbà tó wà nínú rẹ̀ sì tún fi hàn pé kì í ṣe géèmù ọmọ kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ dà bíi kàtúùnù. Kàtúùnù kò túmọ̀ sí ọmọdé.

Èyí tó burú jù ni pé wọn kò ṣe é fún ọmọ Ọ̀ṣun. Owó rẹ̀ kò ju dọ́là 25 lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣírò dọ́là kan sí náírà 1,500, ó ju ìdajì owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí, ìyẹn 70,000 náírà. Kọ̀ǹpútà tó dára tàbí ẹ̀rọ géèmù olówó iyebíye ló ń gbé e. Nígbà tó dé orí fóònù ní ọdún 2024 nípasẹ̀ Netflix, orí iPhone àti iPad nìkan ni, bẹ́ẹ̀ Android ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, Jámánì, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Kòríà àti àwọn èdè mìíràn. Èdè Áfíríkà kankan kò sí níbẹ̀. Gbólóhùn tó lé ní 20,000, tó jẹ́ ògidì agbára géèmù náà, kò sí èyí tó lè wọ etí ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò yé dáadáa.

Kí ló wá kan Àbẹ̀rẹ̀ nínú gbogbo èyí?

Ohun tó kàn án ni pé Àbẹ̀rẹ̀ ti fi ẹ̀rọ sọ́wọ́ ọmọ iléèwé rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, lábẹ́ ìṣàkóso Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde. Ó jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba, ètò tí wọ́n sì kéde ni láti pín 150,000. Ìgboyà ńlá ni. Wọ́n fi ìwé kíkà, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló tẹ̀ lé e: iye tí wọ́n ná, ẹni tó gba iṣẹ́ náà, àwọn tó bàjẹ́, àwọn tí kò dé ọwọ́ ọmọ. Gbogbo ìyẹn ni àwọn olóṣèlú fi bá ara wọn jà. Ìbéèrè tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè ni èyí tó yẹ kó ṣáájú: nígbà tí ọmọ bá tan Ọpọ́n Ìmọ̀, tó dáhùn ìbéèrè 50, tó sì ṣi 35, kí ni yóò mú kó tún tàn án lọ́la?

Ìwé tí wọ́n gbé kúrò lórí bébà tí wọ́n gbé sórí gíláàsì, ìwé náà ṣì ni. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tó wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, àfi pé èyí ti Ọjà Ọba kò nílò iná mànàmáná. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ nìkan lè ṣe ni kó rí ọmọ nígbà tó ṣubú, kó bá a sọ̀rọ̀, kó dín ẹrù rẹ̀ kù díẹ̀, kó sì fi ohun kan sí i lọ́wọ́ tí ìṣubú náà kò gbà. Iṣẹ́ yẹn ni àwọn 20 èèyàn ní San Francisco ṣe. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fò dá nígbà tí wọ́n ń di ẹrù sínú Ọpọ́n Ìmọ̀.

Bí ètò ìdánwò ṣe rí ló jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni JAMB ń ṣe ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì. Máàkì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ. Ìbéèrè tó ṣì kò sí níbẹ̀, ìdí tó fi ṣì í kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó bá kùnà yóò jókòó sílé fún ọdún kan, yóò tún sanwó, yóò sì tún padà síbẹ̀ pẹ̀lú òfo kan náà tó gbé lọ. Òfin Rogue ti ọdún 1980 nìyẹn gan-an: ẹni tó kú ti kú, ohun gbogbo tó kó jọ ti pòórá. Àbẹ̀rẹ̀ kò ní àṣẹ lórí JAMB tàbí WAEC, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba láti Òṣogbo dé Iléṣà kí ọmọ tó dé iwájú ìdánwò, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ọmọ ti ṣubú ní ìgbà púpọ̀ tí ìṣubú kò ní pa á lára.

Àwọn kan yóò ní ayé kì í ṣe géèmù, pé dókítà tó ṣi abẹ fi kò ní àǹfààní láti tún un ṣe. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tí dókítà fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣì í níbi tí kò ti sí ẹlẹ́mìí. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìyá aláró kan tó ń fi aṣọ oníbàárà kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àkísà ni ọmọ yóò kọ́kọ́ bà jẹ́, ìyá aláró yóò fi hàn án ibi tí aró kò ti mu dáadáa, yóò sì tún fún un ní àkísà mìíràn. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn òṣómàáló tó ń tà aṣọ láwìn kiri ìlú kò gba gbogbo owó wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rí. Wọ́n ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì padà, wọ́n ti mọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: wákàtí tó máa ń wà nílé, ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí owó ń dé sí i lọ́wọ́.

Ìtàn Yorùbá pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ìjàpá ti kú nínú àlọ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n ti nà án, wọ́n ti sun ún, èèpá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ yángá. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ kejì, òun náà ni yóò tún jáde. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-ògùn wọ igbó, ó padà sílé, ó tún wọ igbó, ó tún padà, kó tó bá àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà Òkè Láńgbòdó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn Yorùbá ṣe roguelite kò ní láti fi agbára so wọ́n pọ̀, torí ìrìn àlọ àti àbọ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe Rogue.

Àtakò kan ṣì wà tó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ: iléèwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, olùkọ́ tí kò tó, ọ̀nà tó bàjẹ́. Ta ni yóò gbọ́ pé ìjọba fi owó ṣe géèmù nígbà tí àga kò tó nínú kíláàsì? Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ gbá a dànù. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í yé ra ẹ̀rọ. Bí ti 2013 bá ti lọ, òmíràn yóò dé, pẹ̀lú orúkọ tuntun àti àwòrán gómìnà tuntun. Bí owó yóò bá jáde lórí ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jiyàn lé lórí, kí ó tó kan àwọ̀ páálí tí wọ́n dì í sí.

Ohun tó yẹ kí Àbẹ̀rẹ̀ ṣe kò sì tóbi. Kò nílò kó ṣe Hades. Géèmù kékeré kan tó wà ní èdè Yorùbá ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀: èyí tí yóò ṣiṣẹ́ lórí Android olówó pọ́ọ́kú, tí kò ní máa jẹ dátà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà á sórí fóònù, tí ìrìn kan nínú rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ó má baà jí oorun gbé. Kí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ jẹ́ ìlẹ̀kùn tí ọmọ yóò máa ṣí. Kí ohùn kan wà tí yóò bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ṣì í, tí yóò sọ fún un pé ibi báyìí lo ti yẹ̀. Kí oríire má sì pọ̀ níbẹ̀ ju ọgbọ́n lọ. Ìlú tó ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó sì tún jẹ́ ìlú tí Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán tí ayé mọ̀, kò lè sọ pé òun kò ní ẹni tí yóò ya ìwin àti ọdẹ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò jìnnà: ilé-iṣẹ́ Maliyo Games ti wà l'Ékòó láti ọdún 2012, òun ló sì ṣe géèmù tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 pẹ̀lú eré kàtúùnù alápá púpọ̀ Iwájú ti Disney.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wo ohun tó gbé e ṣubú. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kò ju pé kí ó sọ ẹni àkọ́kọ́ di ẹni kejì. Géèmù kan láti òkè òkun, pẹ̀lú gbogbo àsọtúnsọ àti oríire òdì rẹ̀, ń ṣe é lójoojúmọ́ fún ọmọ tó lè rí dọ́là 25 san. Ọmọ tí kò rí i san wà ní Òṣogbo, ó wà ní Iléṣà, ó ti ṣubú nínú ìdánwò, ó ń wo iwájú. Àbẹ̀rẹ̀ ló ń wò.